Fọ́tò tí kámẹ́rà kò yà

Obìnrin méjì ló wà nínú fọ́tò náà. Ọ̀dọ́ wà níwájú, kò wo kámẹ́rà, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí àwa kò lè rí. Àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sá pamọ́ sí èjìká rẹ̀, ó sì dì í mú. Aṣọ àti irun wọn jọ ti àwọn obìnrin Yúróòpù láyé Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọ̀ fọ́tò ọ̀hún ti ṣá bí èyí tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lórí fóònù, ohun tí mo sọ lọ́kàn mi ni pé ẹni tó ya eléyìí mọ ìmọ́lẹ̀ lò. Ó rọra balẹ̀ sójú wọn bí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ní àárọ̀ kùtù. Mo tilẹ̀ ti ń ṣírò irú lẹ́ǹsì tó lò.

Kò lo lẹ́ǹsì kankan. Kò sí obìnrin méjì níbì kan, kò sí fèrèsé, kò sí àárọ̀.

Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, òun ló sì gbégbá orókè ní apá kan nínú ìdíje fọ́tò ńlá kan ní ọdún 2023. Boris Eldagsen ni ọkùnrin tó gbé e jáde. Ará Jámánì ni, ọdún 1970 ni wọ́n bí i, Berlin ló ń gbé. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ló ti ń ya fọ́tò. Ó ti lò tó ọgbọ̀n ọdún nídìí kámẹ́rà kó tó dojú kọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI tí gbogbo ayé ń pè. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí rò pé ọmọ kọ̀ǹpútà kan tí kò gbé kámẹ́rà kọ́rùn rí ló wá fi àwa onífọ́tò ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ló ṣí aṣọ lójú ilé.

Pseudomnesia ló pe àkójọ iṣẹ́ tí fọ́tò yìí ti jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn máa rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Èyí tí à ń sọ yìí gan-an ń jẹ́ The Electrician. Mo ti wá oníṣẹ́ iná náà títí nínú rẹ̀, n kò rí i.

Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ló mú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ti ṣàlàyé pé inú “à-wò-rántí” ni ọ̀rọ̀ wa, àwòrán, ti wá: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ọkùnrin Jámánì yìí mú àwòrán wá, ó ní ẹ wá wò ó, kí ẹ rántí ohun tí kò sí ẹni tó lè rántí rẹ̀. Bóyá ó mọ Yorùbá ni o, bóyá kò mọ̀ ọ́n, ó ti fọwọ́ kan egbò.

DALL-E 2 ti iléeṣẹ́ OpenAI, èyí tó jáde ní ọdún 2022, ni irinṣẹ́ tó lò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí mo máa ń gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń sọ pé ńṣe ló ń jí fọ́tò ẹni kan gé, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ẹlòmíràn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó fọ́tò àti àwòrán lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù jọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà títí ó fi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan sábà máa ń bá rìn lójú àwòrán. Tí o bá wá tẹ ọ̀rọ̀ sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú rúdurùdu kan, ẹ ṣáà rántí bí ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe máa ń rí wínníwínní tí wọ́n bá ti kógbá sílé lóru. Yóò máa gba rúdurùdu náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ojú èèyàn, aṣọ àti ògiri yóò fi yọ. Ẹni tó bá ti fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn rí á sọ pé òun ti rí irú èyí, bí bébà funfun ṣe máa ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nínú omi tí ojú á sì yọ. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ nínú omi tiwa ti kọ́kọ́ dúró níwájú wa, ó rẹ́rìn-ín tàbí kó fajú ro, ó sì lè jẹ́ pé a jẹ ẹ́ ní ṣéńjì.

Eldagsen kò sì kàn tẹ gbólóhùn kan kó káwọ́ lẹ́rán. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yan èyí tó dára, ó pa ibì kan rẹ́ kí ẹ̀rọ tún ibẹ̀ ṣe, ó fẹ etí àwòrán náà sẹ́yìn kí ẹ̀rọ bá a fi nǹkan kún un, ó tún padà sídìí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ohun tí òun ti kọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá nípa ìmọ́lẹ̀ àti ìdúró ni òun fi ń darí rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí èmi náà dán an wò. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi ṣe ìyá aláró kan ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Ó gbé obìnrin kan wá tó wé gèlè bí ẹni wé láwàní. Aṣọ ọrùn rẹ̀ kì í ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kì í ṣe oníko, ó kàn dúdú bí aró ni, tí wọ́n wá ta òdòdó òyìnbó sí i lára. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi bá a fà á, kò bọ́ sí i. Ohun tí wọ́n kò fi bọ́ ọ dáadáa kò lè pọ̀ ọ́ jáde. Fọ́tò obìnrin Yúróòpù ayé 1940, ó ti jẹ ìyẹn yó.

Ìdíje tó gbé e lọ ni Sony World Photography Awards ti ọdún 2023, èyí tí World Photography Organisation ń ṣètò. Apá tí wọ́n pè ní Creative ló fi sí, lábẹ́ ìdíje tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta, wọ́n kéde pé òun ló gbégbá orókè ní apá náà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà kiri kọ́ ló ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri ni pé ó fi AI tan àwọn adájọ́, ó gba ẹ̀bùn, ó wá jẹ́wọ́ lórí pèpéle. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn olùṣètò fúnra wọn fi síta, wọ́n ní kí àwọn tó kéde ẹni tó borí ni ó ti sọ fún àwọn pé òun àti AI làwọn jọ ṣe é. Wọ́n ní ó ṣàlàyé pé ìmọ̀ fọ́tò òun ló gbé iṣẹ́ náà ró. Wọ́n ní apá Creative gba oríṣiríṣi ìdánrawò, látorí sáyánótáìpù, ìyẹn fọ́tò aláwọ̀ búlúù ayé àtijọ́, títí dé orí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí náà àwọn rí i pé ó yẹ, àwọn sì ti ń múra ìbéèrè tí àwọn fẹ́ bi í sílẹ̀ fún ojú òpó àwọn. Eldagsen ní tirẹ̀ sọ pé òun rọ̀ wọ́n pé kí àwọn jọ jíròrò ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, kí aráyé gbọ́, pé wọn kò kà á sí.

Nígbà náà, ta ló mọ̀? Ẹni tó ṣe é mọ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje mọ̀, ó kéré tán wọ́n mọ̀ pé AI wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni èmi, tí mo jókòó n'Íbàdàn tí mo ń ṣírò lẹ́ǹsì. Ẹni tí kò mọ̀ tún ni àwọn onífọ́tò tí wọ́n bá a díje ní apá kan náà, tí wọ́n jí ní òwúrọ̀, tí wọ́n gbé kámẹ́rà jáde, tí òjò lè ti pa.

Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣe ayẹyẹ náà ní London. Eldagsen gun orí pèpéle fúnra rẹ̀, kò dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò pè é, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun kò gba ẹ̀bùn. Ó ní àwòrán AI àti fọ́tò kì í ṣe ohun kan náà, wọn kò sì yẹ kó máa figagbága nínú irú ìdíje yìí. Ó bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé mélòó nínú yín ló mọ̀ tàbí tó fura pé AI ló ṣe é. Ó ní ìwà ọ̀bọ aláfojúdi ni òun hù, òun fẹ́ wò ó bóyá àwọn ìdíje ti múra sílẹ̀ de AI, wọn kò sì tíì múra sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀bùn náà ta àjọ̀dún fọ́tò kan lọ́rẹ ní ìlú Odesa ní Ukraine.

Àwọn olùṣètò yọ àwòrán náà kúrò lójú òpó wọn àti nínú àfihàn tí wọ́n ń ṣe ní Somerset House. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣi àwọn lọ́nà ni, àwọn kò lè bá a ní ìjíròrò tó nítumọ̀ mọ́.

Ẹ wò ó, n kò wá síbí láti gbè sẹ́yìn Eldagsen. Ẹni tó bá gbé ewúrẹ́ wọ ìdíje àgbò, tó wá dìde pé ẹ ò rí i pé ewúrẹ́ ni, alárékérekè ni, kódà tó bá ti sọ̀rọ̀ sí oníbodè létí kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó pọ̀ jù lójú mi wà lọ́wọ́ oníbodè, ìyẹn àwọn olùṣètò. Wọ́n gbọ́. Wọ́n sì ní agbára àti ìwé òfin ìdíje lọ́wọ́, ìlà kan péré ló kù tí wọn ì bá fi sábẹ́ àwòrán náà gàdàgbà níbi tí wọ́n ti gbé e hàn. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀bọ kò ní rí igi fò sí. Ní ti pé àwọn adájọ́ kò dá a mọ̀, n kò rí ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀. Èmi náà kò dá a mọ̀, iṣẹ́ ni mo sì ń fi fọ́tò ṣe láti ogún ọdún ó lé.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á ní fọ́tò kò gbọdọ̀ ní ayédèrú nínú rárá. Mo máa ń rántí wọn létí ohun tí àwọn bàbá wa nídìí iṣẹ́ yìí ṣe. Stephen Sprague, fọ́tógíráfà ará Amẹ́ríkà, ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Ó rí i pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, Táíwò àti Kẹ́hìndé á jókòó pa pọ̀. Tó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ tobìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ìyá á gbé fọ́tò náà sí ibi tí ìyá rẹ̀ àgbà ì bá gbé ère ìbejì sí. Wọ́n fi ọgbọ́n yàrá òkùnkùn ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lónìí, fọ́tò tó ń fi ọmọ tí kò jókòó síbẹ̀ hàn.

Ta ni wọ́n tàn jẹ? Ìyá mọ̀. Ó sunkún rẹ̀. Onífọ́tò mọ̀, àdúgbò mọ̀ ọmọ tó lọ. Gbogbo ẹni tó lè wọ iyàrá yẹn láti wo fọ́tò yẹn ló mọ ohun tó ń wò. Èmi kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe London kì í ṣe pé ojú ayé kò sí nínú àwòrán náà, bí kò ṣe pé ògiri tí wọ́n gbé e kọ́ jẹ́ ògiri tí gbogbo ẹni tó ń kọjá gbà pé kámẹ́rà ló ya ohun tó wà lára rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn yí i po. Miles Astray, onífọ́tò, mú fọ́tò ẹyẹ flamingo kan tó yà ní erékùṣù Aruba. Ẹyẹ náà tẹ orí sábẹ́ ikùn, ó ń fi ẹnu họ ara, ó wá dà bí ẹni pé kò lórí. Ó fi í sí apá AI nínú ìdíje 1839 Awards. Àwọn adájọ́ fún un ní ipò kẹta, àwọn ará ìlú dìbò fún un, ló bá sọ pé kámẹ́rà gidi ni, ẹyẹ gidi ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni: wọ́n ní kí á wò ó bí ohun tí kò jẹ́.

Eldagsen fúnra rẹ̀ ti wá ń jà fún orúkọ mìíràn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Promptography ló ń pè é, ó ní ọ̀dọ̀ onífọ́tò ará Peru kan, Christian Vinces, ni òun ti rí ọ̀rọ̀ náà. Lédè tiwa, ìṣòro náà le díẹ̀, torí “yà” kan náà la fi ń ya fọ́tò, la fi ń ya àwòrán lórí bébà. Onífọ́tò ń yà, ayàwòrán ń yà. Ẹ̀rọ yìí ńkọ́? Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti rí ọ̀rọ̀ tiwọn, n kò sì tíì gbọ́ èyí tó dára jù ú lọ. Wọ́n ní “mo tẹ̀ ẹ́ jáde.” Tí wọ́n bá ní “mo yà á,” mo mọ̀ pé wọ́n jáde lọ síta.

Torí AI ti wà nínú sítúdíò wa, kò sí ẹni tí yóò purọ́ nípa ìyẹn. Kámẹ́rà tí mo ń lò ń fúnra rẹ̀ wá ẹyinjú ìyàwó kiri nínú ọgọ́rùn-ún gèlè. Láti ọdún 2023 ni Photoshop ti ní ohun tí èèyàn á fi yọ àga oníke kúrò lẹ́yìn ọkọ ìyàwó tí ẹ̀rọ á sì fi odindi òdòdó dípò rẹ̀. Mo ń yọ àga. Mo ń yọ wáyà NEPA. N kì í kọ ọ́ síbì kankan pé mo yọ ọ́, oníbàárà kò sì béèrè.

Ohun tó mú mi máa kọ nǹkan sábẹ́ fọ́tò ni ti Alhaja kan tí a ti jọ ń bá a bọ̀. Èmi ni mo ya ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀. Alhaji, ọkọ Alhaja, ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ó wá sí sítúdíò pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù Alhaji nínú àpò ọ̀rá, ó ní, “Bùọ̀dá fọ́tò, ẹ bá mi fi Bàbá Sikirat sáàárín àwọn ọmọ. Ẹ wọ aṣọ ẹbí fún un o, ẹ má jẹ́ kó dá yàtọ̀.”

Mo ní, “Alhaja, orí nìkan ló wà níbí.”

“Ṣebí ẹ̀rọ ti wà.”

Ẹ̀rọ wà lóòótọ́. Ó dá agbádá aṣọ òkè náà sí i lọ́rùn, àwọ̀ rẹ̀ bá tàwọn tó kù mu. Ó tún gbé ọwọ́ Alhaji lé èjìká Sikirat, ohun tí n kò ní kó ṣe. Mo ka ìka rẹ̀, ó pé márùn-ún. Mo fẹ́ yọ ọwọ́ náà, Alhaja ní kí n fi sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ó pè mí, ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé fọ́tò náà sórí Wáásáàpù. Ọ̀rẹ́ Alhaji kan tó wà n'Ílọrin rí i, ló bá tẹ̀ ẹ́ láago pé, “Ṣé wọn ò sọ pé Alhaji ti kú ni? Mo ṣe àdúà fún un!” Ọkùnrin náà ń dunnú. Alhaja ló wá tún ikú ọkọ rẹ̀ tú fún un lórí fóònù.

Láti ìgbà náà, gbogbo fọ́tò tí mo bá fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ kún, mo ń tẹ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀, lójú fọ́tò náà, kì í ṣe lẹ́yìn. Nígbà tí Alhaja wá gba èyí tó tóbi fún pálọ̀ rẹ̀, mo fi ìlà náà hàn án: Alhaji kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yìí, kọ̀ǹpútà ló fi í kún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Òótọ́ lẹ kọ, ẹ ṣeun.” Ó sanwó, ó gbé e lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbé álíbọ́ọ̀mù lọ sílé rẹ̀. Fọ́tò náà wà lókè tẹlifíṣọ̀n, ó ti ra fíréèmù aláwọ̀ wúrà sí i, èyí tó fẹ̀ létí. Fíréèmù náà bo ìlà mi pátápátá.